Má Sọ fún Bàbá Mọ́ Pé Kọ̀ǹpútà Rẹ̀ Máa Dára

Àdúgbò Adébáyọ̀,
Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Ìbùkún mi, Àjíkẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé bí o bá ti rí i pé lẹ́tà ni mo fi ránṣẹ́, wàá rẹ́rìn-ín, wàá ní, "Màámi ti tún dé." Rẹ́rìn-ín tó bí o bá ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kà á dé òpin kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ẹrù tó bá a wá. Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, ohùn rẹ kéré bíi ti ẹni tó ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Mo ní kí o sọ̀rọ̀ sókè. O ní, "Màámi, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo wà, n ò fẹ́ kí Bàbá gbọ́." Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Ẹni tó bá ń sá sẹ́yìn ilé ìdáná kó tó lè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, lẹ́tà ni kí wọ́n kọ sí i, torí lẹ́tà kì í pariwo.

Awakọ̀ tó máa ń bá wa gbé ìrẹsì wá láti Ìgbẹ̀mọ ló gbé ẹrù náà bọ̀. Díìsìkì tuntun ni mo fi gèlè mi àtijọ́ wé yẹn. Ó tóbi ju èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà Bàbá lọ dáadáa. Kéèbù tí wàá fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú fláàṣì pupa kan. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e, má sì jẹ́ kí Dàpọ̀ ọkọ rẹ fi gèlè mi nu bàtà. Mo mọ ẹni tí mo fa ọmọ mi lé lọ́wọ́.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ bóyá ó yé mi. Láti ìgbà tí bàbá ọkọ rẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ti ń kó ọ̀rọ̀ ìlú Ìgbẹ̀mọ jọ: orúkọ oríṣiríṣi iṣu, orúkọ ewéko, bí àwọn àgbà ṣe ń kí ara wọn lóko, àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò gbọ́ mọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì gba ohùn àwọn arúgbó síbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn arúgbó náà ti sùn. Gbogbo rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbì kankan. Ó sì ti sọ fún ìjọ pé kí ọdún yìí tó parí, ìwé á jáde. Ní báyìí, díìsìkì inú kọ̀ǹpútà náà ti kún dẹ́nu, ó sì ti ń ṣàìsàn. Bàbá á tàn án, á lọ wẹ̀, á mu ẹ̀kọ, á padà wá, yóò ṣì máa yí. Ó ń dún kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ nínú. Ìwọ fúnra rẹ rí ìkìlọ̀ tó gbé jáde lójú, pé díìsìkì yìí fẹ́ kọṣẹ́, kí ẹ tètè kó ẹrù yín kúrò níbẹ̀.

Bàbá wá bi ọ́ pé, "Ìyàwó, ìwọ tí o mọ kọ̀ǹpútà, kí ló ń ṣe é?" O kúnlẹ̀, o ní, "Ó máa dára, sà." O ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, o ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ní báyìí o ti ń sá fún un. Bó bá gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ìwọ á gba ẹ̀yìn jáde. Èrò rẹ sì ni pé lọ́jọ́ tó bá lọ sípàdé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Adó níbí, wàá tú kọ̀ǹpútà náà, wàá pààrọ̀ díìsìkì, wàá sì dè é padà kó tó dé. O ní kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ọmọ mi, màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ti "láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀" yẹn, gbé e jù sígbó.

N kò bínú sí ọ o. Àánú rẹ ló ṣe mí. Ta ni ìyàwó tuntun tí yóò dúró níwájú bàbá ọkọ rẹ̀, tí yóò ní, "Bàbá, ohun tí ẹ ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí fẹ́ ṣègbé"? Àwa tí a bí ọ náà la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nílé wa, bí ẹnì kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn, a kì í ní kò yá, a ní ara ń mókun. Bí gàrí bá tán nínú àpò, ìyá mi àgbà kì í sọ pé ó tán, yóò ní ó ti fẹ́ kún. Ní ìjọ, bí o bá ní orí ń fọ́ ọ, gbogbo èèyàn á ké pé, "Má jẹ́wọ́ ẹ̀!" Mo fẹ́ràn àṣà wa yìí, torí pé àánú ló bí i. Ṣùgbọ́n díìsìkì kò gbọ́ Yorùbá. Kò mọ̀ pé ẹ ń pọ́n òun lé. Gbogbo ìgbà tí Bàbá bá tàn án, ṣe ni ohun tó ń yí nínú rẹ̀ ń ha ara rẹ̀ lára, ibi tó bá sì ti ha, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o ṣe kò la kéèbù lọ. Lọ bá Bàbá. Sọ fún un pé díìsìkì náà ń kú lọ, pé ó ti pẹ́ tí o ti mọ̀, kí ó má sì tàn án mọ́. Lẹ́yìn náà, sọ èyí tó le jù: pé o lè ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, kí apá kan ṣì sọnù. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mọ̀ pé ó nira. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ yìí nísàlẹ̀, torí mo ní ìdí kan tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn, n kò sì tíì sọ ọ́ fún ọ rí.

Èkejì. Dàpọ̀ lè ní kí ẹ kàn fi Wíńdò tuntun sínú díìsìkì tuntun, kí ẹ sì kó fáìlì Bàbá sí i. Ọkọ rẹ mọ ìṣirò, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n má gbọ́ tirẹ̀ lórí èyí. Wíńdò ni ohun tó ń jí kọ̀ǹpútà lójú oorun, òun ló sì gbé gbogbo ohun tó kù dání. O sọ fún mi pé ọmọ iléèwé Bàbá kan ló bá a fi ètò tó ń to ọ̀rọ̀ sí i nígbà kan, àti pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ètò náà wà mọ́. Kíbọ́ọ̀dù tó fi ń tẹ àmì ohùn náà ńkọ́? Bàbá ti mọ ibi tí gbogbo nǹkan jókòó sí lójú rẹ̀, ó lè dijú tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá to ilé náà tún, arúgbó á máa ta ká nínú yàrá ara rẹ̀. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ, Wíńdò àti ohun tó gbé dání, láti díìsìkì àtijọ́ sí tuntun, débi pé nígbà tí Bàbá bá tàn án, kò ní mọ̀ pé òun ti kó ilé, àfi pé ó ti yá, kò sì pariwo mọ́.

Ṣùgbọ́n kí o tó da Wíńdò kọ, kó ìwé Bàbá jáde ná. Bí iná bá ń jó ilé, ọmọ là ń kọ́kọ́ gbé, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Ki fláàṣì pupa bọ inú kọ̀ǹpútà Bàbá, kí o sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tinú fláàṣì jí. Mo ti fi gbogbo ohun tó yẹ sínú rẹ̀, o kò ní nílò Wíńdò àtijọ́ rárá, jẹ́ kó máa sùn. Ìwé tó tẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ kó, torí kò wúwo, lẹ́yìn náà ohùn àwọn arúgbó. Kó wọn sínú kọ̀ǹpútà tìrẹ. Bí fáìlì kan bá kọ̀, tó ń fa ẹsẹ̀, fò ó, mú èyí tó kàn, wàá padà sórí rẹ̀ bí ohun gbogbo bá parí. Má jókòó ti ọlọ́kàn líle kan kí àwọn tó ṣeé gbà là wá kú.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀. Bí ohunkóhun bá yọjú, tó ní òun fẹ́ bá ọ tún díìsìkì náà ṣe, sọ pé o ò fẹ́. Obìnrin kan wà tí a jọ ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, èèyàn pẹ̀lẹ́ ni. Díìsìkì rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó gbà kí kọ̀ǹpútà tún un ṣe. Ó tún un ṣe títí díìsìkì náà fi kú. Aláìsàn tí kò lè jókòó, wọ́n ní kó máa sá eré ìdárayá. Mo bá a sunkún lọ́jọ́ náà, torí èmi ni mo gbà á nímọ̀ràn.

Ọ̀rọ̀ iná. Iná yín ń lọ ó ń bọ̀ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà Bàbá sì ti kú tipẹ́. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ wà lágbedeméjì, ó lè jẹ́ pé díìsìkì àtijọ́ kò ní jí mọ́, tuntun kò sì tíì dènìyàn. Gbé e lọ sílé Àlùfáà ìjọ yín, sólà wọn kì í ṣẹ́jú lọ́sàn-án. Kí ẹ bẹ ìyàwó Àlùfáà kí ó má lo áyọ́ọ̀nù títí ẹ ó fi parí. O rí i báyìí pé ìkọ̀kọ̀ rẹ yẹn kò lè ṣeé ṣe lọ́nàkọnà. Ta ló máa gbé kọ̀ǹpútà Bàbá la àárín Ìgbẹ̀mọ kọjá tí wọn kò ní kí i, tí wọn kò ní bi í pé níbo ló ń gbé e lọ, tí ẹnì kan kò sì ní bá a gbé e?

Èyí tó kàn yìí, kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ètò inú fláàṣì náà á bi ọ́ pé láti inú èwo sínú èwo. Níbẹ̀ ni mo ti kọsẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé sí iṣẹ́. Wọ́n ní kí n da díìsìkì akọ̀wé wa kọ. Ẹnu mi ń ṣe wótowòto nípa aṣọ tí mo fẹ́ rán, mo kàn tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Òfìfo ni mo dà lé èyí tó kún lórí. Ó mọ́ fónífóní bí àwo tí ajá lá. Akọ̀wé wa kò bú mi, ó kàn wò mí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o yára o." Títí di òní, bí wọ́n bá ní mo yára, inú mi kì í dùn. Nítorí náà, wo ìwọ̀n wọn: kékeré ni ẹni tó ń fúnni, ńlá ni ẹni tó ń gbà. Má tẹ bẹ́ẹ̀ ni títí ẹlòmíràn yóò fi ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sókè kí o gbọ́. Jẹ́ kí Bàbá fúnra rẹ̀ kà á. Ohùn olùkọ́ ni, ó máa já geere.

Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ó lè pẹ́. Bó bá dé ibi tó ti ha, ó lè dúró bí ẹni tó ń ronú. Má gbọ̀n ọ́n, má fa kéèbù, má sì máa yọjú wò ó bí ẹni tó gbé ẹ̀wà kaná. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Jókòó ti Bàbá, kí o bi í léèrè nípa àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀. O ti ń gbé inú ilé náà láti ìgbà yìí, ṣé o tíì bi í ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rí? Bí ọ̀rọ̀ kan bá wá ṣòfò nínú díìsìkì, yóò ti wà létí rẹ.

Nígbà tó bá parí, yọ àtijọ́ kúrò pátápátá kí o tó fi tuntun sí àyè rẹ̀ tan kọ̀ǹpútà. Bó bá jí, dúpẹ́ ná. Lẹ́yìn náà wo ìwọ̀n àyè tó wà nínú rẹ̀. Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé bó ṣe kún nígbà tó wà nínú kékeré náà ló ṣe kún nínú ńlá. Kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. Ṣe ló kó ògiri ilé àtijọ́ dání wá, ó to ara rẹ̀ jọ sí igun kan, ó sì fi gbogbo àyè tó kù sílẹ̀ láìwọ̀ ọ́. Ìwọ lo máa sọ fún un pé kó na ara rẹ̀, ètò tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà nínú fláàṣì náà.

Àjíkẹ́, bí mo ṣe kọ èyí, ìwọ ni mo rí. A gbé ọ kúrò nínú yàrá méjì tèmi tìrẹ ní Adébáyọ̀, a gbé ọ sínú agbo ilé tó kún fún èèyàn. Ìwọ náà sì ti to ara rẹ jọ sí igun kan láàárín yàrá rẹ àti ilé ìdáná. O ò mọ ẹni tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. O ò tíì bá ìyá àgbà wọn ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì rí. Na ara rẹ. Wọn kò gbà ọ́ wọlé kí o lè máa gba ẹ̀gbẹ́ ògiri rìn. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé Ìjàn nílé bàbá rẹ, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ń rìn, mo sì pàdánù ìfẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti ń dúró dè mí.

Díìsìkì àtijọ́ ńkọ́? Má nù ún, má tún un lò, má jẹ́ kí Dàpọ̀ tú u wò. Fi gèlè náà wé e, kí o fún Bàbá kó tọ́jú rẹ̀. Kí o sì fi ẹ̀dà ìwé rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi níbí, kí ó wà ní Adó, kí ó má jẹ́ pé abẹ́ òrùlé kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí mo ní màá padà sí.

O rántí àìsàn bàbá rẹ. O rántí bí yàrá ilé ìwòsàn náà ṣe kún fún èèyàn, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń sọ fún un pé ó ti ń dára, ojú rẹ̀ ti ń dán, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ó di oko. Lọ́jọ́ kan, ó ku èmi àti òun nìkan. Ó ní, "Ìyá Ìbùkún, ìwọ ni o kì í purọ́ fún mi. Ṣé màá dìde níbí?" Ẹnu mi ti ń lọ síbi "Ẹ máa dìde lórúkọ Jésù." Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Rárá, ẹ ò ní dìde. Dókítà ti sọ fún mi." Mo rò pé yóò sunkún. Ó mí kanlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "O ṣé. Ó ti ń rẹ̀ mí láti máa rẹ́rìn-ín fún gbogbo wọn." Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ pè ọ́ wá láti iléèwé.

Gbogbo àwọn ọjọ́ tó fi jókòó tì ọ́ yẹn, tó ń kọ́ ọ lórin, tó ń sọ irú ọkọ tí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí o fẹ́, tó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí Ìjàn kí òun lè rí oko òun lẹ́ẹ̀kan sí i, òtítọ́ ló fún un ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Bí mo bá ti sọ fún un pé ó máa dára, ìwọ ì bá wà níléèwé, òun ì bá sì máa rẹ́rìn-ín fún àlejò títí ẹ̀mí fi bọ́. Ìyá Ìjàn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbọ́ pé mo sọ fún un, ó ní ẹnu mi ni mo fi pa àbúrò òun. Ìwọ náà gbọ́ ọ. Nígbà tí o ń padà síléèwé, o ò dì mọ́ mi. N kò dá ọ lẹ́bi. Ọmọdé ni ọ́, ọ̀fọ̀ sì ṣẹ̀ ọ́. Mo dákẹ́ torí ẹkún ti pọ̀ jù nílé láti tún fi ọ̀rọ̀ kún un. Ó dùn mí, ọmọ mi, ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún bi mí lónìí, ohun kan náà ni màá sọ fún un.

Ibí ni mo kọ ọ́ dé, mo ti fẹ́ fọwọ́ sí i, ni fóònù mi dún. Bàbá ọkọ rẹ ni.

"Ìyá Ìyàwó, in kú ulé o."

Mo ní, "Ẹ kú ilé, Bàbá. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni. Ìyàwó mi ni mo torí ẹ̀ pè. Ó ń sá fún mi nínú ulé. Bí mo bá wọlé, á jáde. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ bá mi bi í bóyá mo ṣẹ̀ ẹ́."

Mo ní kò sẹ́ni tó ṣẹ ẹnì kan, pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń dà ọ́ láàmú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Hẹn, kọ̀ǹpútà! Mo mọ̀ pé ó ń kú lọ. Olùkọ́ ni mí, Ìyá Ìyàwó, mo lè ka ohun tí wọ́n kọ sójú ẹ̀. Mo ti kà á kí ìyàwó mi tó kà á."

Ẹnu yà mí. Mo ní, "Bàbá, kí ló wá dé tí ẹ ṣì ń tàn án láràárọ̀?"

Ó ní, "Ọmọ yín kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ulé, ó ní ó máa dára. Bí n kò bá tàn án mọ́, wọ́n á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyàwó tuntun kò ṣẹ. N kò lè jẹ́ kí ojú tì í nínú ulé mi."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tàn án mọ́. Ó kọ̀. Ó ní bí ìwọ fúnra rẹ bá ní kí òun má tàn án, òun kò ní tàn án, ṣùgbọ́n ìwọ kò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Ó tún bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí o mọ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́, mo sì ti sọ fún ọ, Ọlọ́run á darí jì mí.

Ìbùkún, láràárọ̀ ni arúgbó yẹn ń tan kọ̀ǹpútà, tó ń gbọ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ha dànù, nítorí kí ojú má bàa tì ọ́. Awakọ̀ ti ń fọn fèrè níta báyìí. Bó bá rìn dáadáa, ìrọ̀lẹ́ ni lẹ́tà yìí á tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, Bàbá á sì ti jókòó síwájú ilé. Gbé ẹrù náà sílẹ̀. Má tú u. Lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kí o sọ fún un kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

Èmi ni,
Màmá rẹ.